Sìpíríǹgì ẹ̀yìn fún Ram 1500 tí a ti gbé sókè: èwo ni ó lè gba ẹrù àti tírélà?

Aláàtíbàbà (Houston) kọ:

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ará. Ram 1500 ti ọdún 2016 ni mo ń lò níhìn-ín, onílẹ̀kùn mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì Hemi 5.7, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba agbára. Ẹni tí ó tà á fún mi ti gbé e sókè ní íńṣì 4, ó sì ti fi táyà oní-íńṣì 35 sí i. Iṣẹ́ tí mo ń fi ọkọ̀ náà ṣe ni yíyá àwọn ènìyàn ní àga, tábìlì àti àtíbàbà fún òde ìnáwó: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí àti ìsìnkú àgbà. Àga ni mo máa ń kó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, irin àtíbàbà àti jẹnẹrétọ̀ sì máa ń wà nínú tírélà kékeré tí mo ń fà.

Bí mo bá ti kó ẹrù tán báyìí, ńṣe ni ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń jókòó, tí imú rẹ̀ á sì gbé sókè. Lálẹ́, àwọn tí ń bọ̀ níwájú mi máa ń ṣẹ́ iná sí mi nítorí pé iná mi ń bọ́ sí wọn lójú. Ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, pàápàá lójú títì I-10. Bí mo bá sì dé ibi tí afárá ti so pọ̀ mọ́ títì, mo máa ń gbọ́ “gbì!” lábẹ́ ọkọ̀, bí ìgbà tí irin bá kọlu irin.

Èrò mi ni pé ọkọ̀ tí a ti gbé sókè ti di ọkọ̀ alágbára, ohun tí ẹni tí ó tà á sọ nìyẹn. Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù kan ní kí n ra sìpíríǹgì tí ó le jù lọ, òmíràn ní kí n fi báàgì afẹ́fẹ́ sínú èyí tí ó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ni kí n rà?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì (Katy, Texas) kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Gíga àti líle jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára sìpíríǹgì. Púpọ̀ nínú sìpíríǹgì tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ohun èlò ìgbéọkọ̀sókè gùn ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n líle wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ń rà á ń fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ga kí ó sì tún rọ̀ fún ìjókòó. Nígbà mìíràn, wọn kò tilẹ̀ yí sìpíríǹgì padà rárá. Wọ́n kàn fi spacer, ìyẹn òrùka tí ó ń fi gíga kún un, sí orí ti àtijọ́ ni. Nínú méjèèjì, bí ẹ bá gbé ẹrù kan náà lé e, iye íńṣì kan náà ni yóò fi wálẹ̀. Gíga tí ọkọ̀ yín ga kò fi pọ́n-ùn kan kún ẹrù tí ó lè gbé. Kódà, táyà ńlá àti irin tí wọ́n fi gbé e sókè ní ìwúwo tiwọn, inú ẹrù tí ilé-iṣẹ́ fún yín láyè láti gbé ni ìwúwo náà sì ti ń jáde.

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Láti ọdún 2009 ni Ram 1500 ti ń lo sìpíríǹgì kíká lẹ́yìn, ní ìgbà tí àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá yòókù ní Amẹ́ríkà nígbà náà ń lo èyí tí ó jẹ́ pẹlẹbẹ irin tí a tò léra. Ram 2500 náà sì tẹ̀lé e ní 2014. Kì í ṣe ohun tuntun ní ayé, nítorí pé Chevrolet C10 ti lò ó láti 1960 títí di 1972. Ó ń mú kí ọkọ̀ rìn jẹ́jẹ́ gan-an, àwọn tí ó ń gbé ẹrù tí ó wúwo sì ni ó máa ń kọ́kọ́ rí ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Nítorí náà, ẹ bá mi ṣe nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó náwó. Ẹ wọn gíga láti àárín rím ẹ̀yìn dé etí irin tí ó bo táyà lókè, nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, àti nígbà tí ẹ bá kó gbogbo ẹrù tán tí tírélà sì wà lẹ́yìn. Ẹ wọn ti iwájú pẹ̀lú. Ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì kọ GVWR (ìwúwo tí gbogbo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá) àti GAWR (èyí tí áàsìlì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá) tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi ìwọ̀n CAT Scale, ó wà ní ọ̀pọ̀ ibùdó tí àwọn onítírélà ńlá ti ń ra epo. Wọn yóò fún yín ní ìwé tí ó fi ìwúwo iwájú, ẹ̀yìn àti tírélà hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láìsí nọ́ńbà wọ̀nyí, àbá lásán ni gbogbo wa ń dá.

Awakọ̀ Dallas kọ:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ọ̀gá wa, èmi kò rò pé ó yẹ kí arákùnrin wa yí sìpíríǹgì padà rárá. Báàgì afẹ́fẹ́ Air Lift 1000 ni mo fi sínú sìpíríǹgì Ram tèmi. Bí mo bá fẹ́ fa ọkọ̀ ojú omi mi, mo á fún un ní afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ á gbé sókè. Bí mo bá ti já a sílẹ̀, mo á dín afẹ́fẹ́ kù, ọkọ̀ á sì rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Sìpíríǹgì líle yóò máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lójoojúmọ́, yálà ẹrù wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹni tí kì í gbé ẹrù lójoojúmọ́, kí ni ó fẹ́ fi sìpíríǹgì líle ṣe?

Ẹlẹ́rọ (Àkúrẹ́) kọ:

Ọ̀rọ̀ Awakọ̀ Dallas ní òtítọ́ nínú, báàgì afẹ́fẹ́ náà sì dára fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ máa ń yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́. Báàgì tí ẹ dárúkọ yẹn kò gbọdọ̀ kọjá 35 psi (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe le tó), kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 5 psi lọ kódà bí ọkọ̀ bá ṣófo, nítorí pé báàgì tí kò ní afẹ́fẹ́ á kákò, sìpíríǹgì á sì máa gé e jẹ. Lára ọkọ̀ tí a ti gbé sókè, àlàfo inú sìpíríǹgì ti gùn ju báàgì lọ, nítorí náà a nílò irin àfikún lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì so ọ̀tún àti òsì pọ̀ mọ́ ẹnu kan, afẹ́fẹ́ á máa sá láti ẹ̀gbẹ́ tí ìwúwo tẹ̀ sí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ọkọ̀ tí ó ga tẹ́lẹ̀ á sì túbọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́. Kí ọ̀pá afẹ́fẹ́ ọ̀tún àti ti òsì dá dúró ni ó dára jù.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí Aláàtíbàbà fi ọkàn sí, nítorí pé sìpíríǹgì kankan kò lè wò ó sàn, bẹ́ẹ̀ ni báàgì afẹ́fẹ́ kò lè wò ó sàn. Ìkọ́ tí tírélà so mọ́ wà lẹ́yìn áàsìlì ẹ̀yìn, ó sì tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí i. Àlàfo láti áàsìlì iwájú dé ti ẹ̀yìn lára ọkọ̀ yín jẹ́ íńṣì 140.5. Bí tírélà bá fi pọ́n-ùn 440 tẹ ìkọ́ náà, ẹrù tí ó ń bọ́ sórí áàsìlì ẹ̀yìn kò ní jẹ́ 440, yóò sún mọ́ 590. Nǹkan bí pọ́n-ùn 150 tí ó lé ni a ti gbà kúrò lórí táyà iwájú. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ìdarí fi ń fúyẹ́. Sìpíríǹgì líle á gbé ẹ̀yìn sókè, ojú á sì rí i pé ọkọ̀ ti tẹ́jú, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn 150 yẹn kò ní padà sí iwájú. Ohun tí ó ń dá a padà ni irú ìkọ́ tí ó ní ọ̀pá méjì tí a ń fi ṣéènì fà le lára igi tírélà, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní weight distribution hitch.

Aláàtíbàbà (Houston) kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti wọn ohun gbogbo, mo sì ti gba ìwé ìwọ̀n.

Gíga ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ṣófo jẹ́ íńṣì 27. Pẹ̀lú ẹrù àti tírélà, ó di 24. Iwájú gbé sókè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì.

Nígbà tí èmi nìkan wà nínú rẹ̀ tí epo sì kún: iwájú 3,340, ẹ̀yìn 2,500. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi wọlé tí àga sì wà lẹ́yìn, láìsí tírélà: iwájú 3,460, ẹ̀yìn 3,160. Nígbà tí mo so tírélà mọ́ ọn: iwájú 3,300, ẹ̀yìn 3,760. Pọ́n-ùn ni gbogbo rẹ̀. Ara ilẹ̀kùn sọ pé GVWR jẹ́ 6,900, GAWR ẹ̀yìn sì jẹ́ 3,900. Tírélà fúnra rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 4,000 pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀.

Bí mo ṣe wò ó, ẹ̀yìn kò tíì kọjá 3,900. Ṣé kò sí ewu?

Ẹlẹ́rọ (Àkúrẹ́) kọ:

Ewu wà, àbúrò mi. Áàsìlì ẹ̀yìn kò tíì kọjá ààlà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ro 3,300 pọ̀ mọ́ 3,760: ó jẹ́ 7,060. Ẹ ti fi pọ́n-ùn 160 kọjá 6,900 tí ilé-iṣẹ́ sọ. Kò sí sìpíríǹgì tí ẹ lè rà tí yóò yí nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn padà, nítorí pé bíréèkì, ṣáàsì, áàsìlì àti bíárínì ni wọ́n jọ fi pinnu rẹ̀. Ní Ọsirélíà, òfin fi àyè sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní ìwé àṣẹ láti fi sìpíríǹgì àti àwọn ohun mìíràn mú kí iye yẹn ga sí i. Ní Texas tí ẹ wà, ohun tí ó wà lára ilẹ̀kùn ni kí ẹ máa tẹ̀lé.

Nítorí náà, àga ni kí ẹ kọ́kọ́ sún. Ẹ kó nǹkan bí pọ́n-ùn 300 nínú àga kúrò lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, kí ẹ gbé e sínú tírélà, kí ó jókòó gan-an lórí áàsìlì tírélà. Díẹ̀ nínú rẹ̀, bíi 40, ni yóò padà sórí ìkọ́ yín. Àpapọ̀ ọkọ̀ yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 6,800, ẹ̀yìn yóò sì wà ní nǹkan bí 3,520. Ẹ rí i dájú pé ìwúwo tí ó wà lórí ìkọ́ kò dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà, kí ó má sì kọjá ìdá 15, nítorí pé tírélà tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo ju iwájú lọ ni ó máa ń ju ìrù kiri lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò sìpíríǹgì. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ṣófo dé ìgbà tí ẹ kó gbogbo ẹrù, pọ́n-ùn 1,260 ni ó kún áàsìlì ẹ̀yìn, ìyẹn 630 fún sìpíríǹgì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ wálẹ̀ ní íńṣì 3. A jẹ́ pé líle sìpíríǹgì tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí pọ́n-ùn 210 fún íńṣì kan. Bí ẹ bá ti sún àga bí mo ṣe sọ, ohun tí yóò máa kún un jẹ́ 1,020, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 510. Lórí sìpíríǹgì àtijọ́, ọkọ̀ á ṣì wálẹ̀ ní íńṣì 2.4. Bí ẹ bá lo èyí tí líle rẹ̀ jẹ́ 260, á wálẹ̀ ní íńṣì 2, èyí sì dára fún iṣẹ́ yín. Mo mọ̀ pé wọ́n á fi èyí tí ó jẹ́ 350 tàbí 400 hàn yín. Ẹ má rà á. Ọkọ̀ yín máa ń ṣófo lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, táyà ẹ̀yìn á sì máa fò lórí títì tí kò dán, pàápàá bí òjò bá rọ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ bíréèkì.

Ibi tí ó ta kókó jù fún ọkọ̀ tí a ti gbé sókè nìyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ kà á dáadáa. Bí a bá yọ ìwúwo áàsìlì àti táyà kúrò, pọ́n-ùn tí ó jókòó lórí sìpíríǹgì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọkọ̀ ṣófo jẹ́ nǹkan bí 950. Sìpíríǹgì 210 á fún pọ̀ ní íńṣì 4.5 lábẹ́ rẹ̀, sìpíríǹgì 260 á fún pọ̀ ní 3.65 péré. Bí gígùn méjèèjì bá dọ́gba nígbà tí wọ́n wà nílẹ̀, ẹ ó fi nǹkan bí íńṣì 0.9 kún gíga ọkọ̀ láìní in lọ́kàn. Ọkọ̀ tí ó ti ga ní íńṣì 4 tẹ́lẹ̀ á wá di 5, igun ọ̀pá pùròpẹ́là (èyí tí ń gbé agbára láti gíà dé áàsìlì ẹ̀yìn) á burú sí i, áàsìlì á sì tún sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni tí yóò tà á fún yín: líle rẹ̀ fún íńṣì kan, àti gígùn rẹ̀ láìsí ẹrù lórí rẹ̀. Oníṣòwò tí kò bá lè sọ méjèèjì, ẹ kọjá lọ síwájú.

Ẹ má sì fi ojú lásán yàn án. Nínú ìṣirò líle sìpíríǹgì, ńṣe ni a máa ń fi ìnípọn wáyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí wáyà bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nípọn sí i, líle rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 46 lé sí i. Láti 210 dé 260, bí iye ìká àti fífẹ̀ rẹ̀ kò bá yí padà, wáyà náà kò ní nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ju ìdá 6 lọ. Ojú kò lè rí i.

Ọlọ́sìn Adìyẹ (Abẹ́òkúta) kọ:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n da tèmi pọ̀ mọ́ ọn. Nissan Navara ti 2015 ni mo ń lò, òun náà ní sìpíríǹgì kíká lẹ́yìn, a sì ti gbé e sókè ní íńṣì 2 nítorí ọ̀nà oko. Oúnjẹ adìyẹ ni mo máa ń kó láti Ìbàdàn, àpò oníkílò 25, nígbà mìíràn ó máa ń tó 30 àpò. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń jókòó pátápátá. Mẹkáníìkì mi ní òun lè ki rọ́bà sáàárín ìká sìpíríǹgì náà, tàbí kí òun fi iná gáàsì yọ́ ọ kí òun sì fà á gùn sí i. Owó rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì (Katy, Texas) kọ:

Ẹ má gbà fún un, bàbá. Èmi náà kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá kí n tó wá sí ìhín, mo sì mọ iṣẹ́ iná gáàsì yẹn dáadáa. Irin sìpíríǹgì gba iná, a rì í sínú epo, a sì tún fi iná díẹ̀ tù ú, kí ó tó ní agbára àtipadàbọ̀ sípò. Bí ẹ bá tún ti fi iná gáàsì kàn án, agbára yẹn ti lọ níbi tí iná kàn. Yóò dúró bí wọ́n ṣe fà á fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò jókòó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kí ó dá pàú ní ibi tí iná kàn gan-an. Ti rọ́bà àárín ìká, ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dí ìká kan tàbí méjì lọ́wọ́ iṣẹ́, ìyókù á wá máa ru ẹrù tiwọn àti ti àwọn tí a dí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣẹ́.

Ẹlẹ́rọ (Àkúrẹ́) kọ:

Kí n fi èyí kún ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa. Irú Navara tí ẹ ní, tí ó jáde ní 2014, ní ìṣòro yìí níbi púpọ̀, àwọn ará Ọsirélíà sì sọ̀rọ̀ lé e lórí gidigidi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń jókòó bí wọ́n bá ti kó ẹrù. Nissan tún sìpíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe ní 2017 fún ọjà ibẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2018, wọ́n wá fi sìpíríǹgì onípele méjì sí ẹ̀yìn: ó rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ó sì máa ń le sí i bí ẹrù bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Irú sìpíríǹgì onípele méjì bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá, yálà ti ilé-iṣẹ́ tàbí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe é fún gíga íńṣì 2. Ẹ ra méjèèjì pọ̀, ẹ má ṣe ra ọ̀tún kí ẹ sì fi òsì sílẹ̀. Àpò 30 jẹ́ kílò 750; ẹ fi ìwúwo yín àti ti àwọn tí ó bá yín wọkọ̀ kún un, kí ẹ sì wo ìwé ọkọ̀ yín bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Atlanta) kọ:

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọkọ mi àti èmi jọ ń lo Ram 1500 kan tí wọ́n gbé sókè, ìrírí wa lè ran Aláàtíbàbà lọ́wọ́. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kan fi sìpíríǹgì gígùn sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó rìn dáadáa nínú àdúgbò, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé máìlì 60 ní wákàtí kan, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ní táyà ni, a ṣe bálánsì táyà títí, kò lọ. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó gbé ohun èlò kékeré kan lé ojú ibi tí ọ̀pá pùròpẹ́là ti wọnú áàsìlì, tí ó sì fi hàn wá pé ìtẹ̀sí rẹ̀ kò bá ti ibi tí ó ti kúrò lára gíà mu mọ́. Control arm òkè (ọ̀pá tí ó so áàsìlì mọ́ ṣáàsì) tí a lè yí gùn tàbí kúrú ni ó fi sí i, gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró.

Ohun kejì ni pé táyà ẹ̀yìn ọ̀tún yọ síta ju ti òsì lọ. Ojú lásán la fi rí i nígbà tí a dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ wo ti yín pẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì (Katy, Texas) kọ:

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Track bar ni ó fa ìkejì yẹn. Ọ̀pá náà so mọ́ ṣáàsì ní ìkángun kan, ó sì so mọ́ áàsìlì ní ìkángun kejì, gígùn rẹ̀ kò sì lè yí padà. Bí ọkọ̀ bá ti ga, ọ̀pá náà á dagun, á wá fa áàsìlì sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó ti so mọ́ ṣáàsì. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ sókè ní íńṣì 4 fi irin tí ó gbé ẹnu ọ̀pá náà sókè lára áàsìlì sí i, tàbí ọ̀pá tí a lè yí gùn.

Aláàtíbàbà (Houston) kọ:

Ẹ kú làálàá gbogbo yín. Mo ti rí oníṣòwò kan tí ó kọ líle rẹ̀ sílẹ̀ ní 260, gígùn rẹ̀ láìsí ẹrù sì kúrú ju ti àtijọ́ lọ ní íńṣì kan dín díẹ̀. Mo ti ra ṣọ́ọ̀kì tuntun pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣe fún gíga íńṣì 4. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra mi nínú gáréèjì mi, àbí ó di dandan kí n ní ohun èlò tí wọ́n fi ń fún sìpíríǹgì pọ̀?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì (Katy, Texas) kọ:

Ó dára tí ẹ ra ṣọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ ọn. Sìpíríǹgì tí ó bá le sí i máa ń fi agbára jù padà lẹ́yìn tí ó bá fún pọ̀ tán, ṣọ́ọ̀kì ni ó sì ń dì í mú. Ti àtijọ́ kò ní lè dì í mú dáadáa.

Ti ẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ léwu bíi ti iwájú. Ti iwájú ni a máa ń fi irin fún pọ̀ kí a tó tú u, ẹ má sì dán ti iwájú wò nílé láé. Ti ẹ̀yìn, bí áàsìlì bá ti sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí ó yẹ, sìpíríǹgì á tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ dúró sórí sìmẹ́ńtì tí ó tẹ́jú. Ẹ fi igi dí táyà iwájú. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì fi ìdúró irin méjì tí ó lágbára gbé ṣáàsì ró, kì í ṣe áàsìlì. Jáàkì lásán kò tó láti sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ táyà ẹ̀yìn, kí ẹ wá gbé jáàkì sábẹ́ áàsìlì, kí ó kàn gbé ìwúwo rẹ̀ díẹ̀. Ẹ tú bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pá kékeré tí ó so irin ìdènà-ìdàsẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ ọkọ̀, àti ìkángun kan track bar. Kí ẹ tó sọ jáàkì kalẹ̀, ẹ tú ibi tí ọ́ọ̀sì bíréèkì àti wáyà ABS ti dì mọ́ áàsìlì, nítorí pé bí áàsìlì bá sọ̀kalẹ̀ tí ọ́ọ̀sì yẹn bá fà le, ó lè ya sínú láìhàn síta. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa wò ó bí ẹ ṣe ń sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá yọ sìpíríǹgì tán, ẹ nu ibi tí ó jókòó sí mọ́, kí ẹ sì wo rọ́bà òkè rẹ̀. Bí ó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìparí wáyà sìpíríǹgì ní ibi tí a ti gbẹ́ sílẹ̀ fún un láti jókòó. Ẹ yí sìpíríǹgì náà títí ìparí wáyà á fi bọ́ síbẹ̀ pátápátá. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ á ga ju èkejì lọ, ẹ ó sì máa gbọ́ “kọ̀!” nígbàkigbà tí ẹ bá kọjá ihò.

Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é nílé kì í ṣe, tí ó sì ń ba búùṣì jẹ́, nìyí: ẹ má fún bóòtì track bar àti ti control arm le nígbà tí áàsìlì ṣì ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ dì wọ́n mú ná. Ẹ dá táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí ó fi ìwúwo rẹ̀ jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì fún un le dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Rọ́bà búùṣì máa ń dì mọ́ ibi tí ẹ ti fún un. Bí ẹ bá fún un nígbà tí áàsìlì rọ̀ sísàlẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nílẹ̀ ni rọ́bà náà á máa lọ́, kò sì ní pẹ́ tí á fi ya.

Aláàtíbàbà (Houston) kọ:

Iṣẹ́ ti parí, ẹ̀yin ọ̀gá mi, inú mi sì dùn gidigidi. Gíga ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ṣófo jẹ́ 27 àti ìdá kan nínú mẹ́rin báyìí. Mo kó àga díẹ̀ sínú tírélà bí Ẹlẹ́rọ ṣe sọ, mo sì ra ìkọ́ tí ó ní ọ̀pá méjì yẹn. Nígbà tí mo so tírélà mọ́ ọn, ẹ̀yìn dúró sí 25 àti ìdajì, iwájú kò sì gbé sókè ju bí ó ṣe yẹ lọ mọ́. Mo padà lọ sí ibi ìwọ̀n: àpapọ̀ ọkọ̀ jẹ́ 6,800. A fi lọ sí ìgbéyàwó kan ní San Antonio, n kò gbọ́ “gbì!” lórí afárá kankan.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ti yọjú. Táyà ẹ̀yìn kan yọ síta ju èkejì lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íńṣì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sókè kò fi nǹkan kan sí track bar. Ṣé kí n máa lò ó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì (Katy, Texas) kọ:

A kú oríire, àbúrò. Ó dúró sí 25 àti ìdajì, kò wálẹ̀ tó íńṣì 2 tí Ẹlẹ́rọ ṣírò, nítorí pé ìkọ́ tuntun náà ti dá díẹ̀ nínú ìwúwo padà sí iwájú àti sórí tírélà. Gbogbo rẹ̀ bára mu.

Ẹ ra track bar tí a lè yí gùn, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. Nígbà tí ẹ bá fi í sí i, kí ọkọ̀ wà nílẹ̀ lórí táyà rẹ̀, kí ó sì ṣófo. Ẹ fi okùn wúwo sọ̀kalẹ̀ láti etí irin òkè táyà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ wọn àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti rím, kí ẹ sì máa yí ọ̀pá náà títí méjèèjì á fi dọ́gba, kí ẹ tó ti nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún àwọn tí ń ṣe aláímẹ́ǹtì, kí wọ́n bá yín yẹ ìtẹ̀sí áàsìlì ẹ̀yìn wò pẹ̀lú ti iwájú.

Bí ẹ bá ti rìn tó máìlì 100, ẹ tún padà wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ yẹ gbogbo bóòtì tí ẹ tú wò, kí ẹ sì tún fún wọn bí ó bá yẹ. Ti iná iwájú, ẹ gbé ọkọ̀ síwájú ògiri lálẹ́ nígbà tí ẹrù àti tírélà wà lẹ́yìn, kí ẹ yí skúrù iná náà sísàlẹ̀ títí kò fi ní máa bọ́ sí ojú àwọn tí ń bọ̀. Táyà oní-íńṣì 35 àti íńṣì 4 ti gbé iná yẹn ga tẹ́lẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ó tà á fún yín má tíì fọwọ́ kàn án rí.